Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Ń Kà Lọ́wọ́: Àkàrà-Oògùn, Sẹ̀gilọlá àti Àjàní

Ìwé mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Gbogbo wọn ni mo ń kà lọ́wọ́, gbogbo wọn ni wọ́n sì dùn mọ́ mi dé ibi pé n kò fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn tètè parí. Àkọ́kọ́ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Èkejì ni ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, èyí tí Isaac B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín ọdún 1929 sí 1930. Ẹ̀kẹta ni Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó jáde ní ọdún 1974. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọn lè rò pé kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, nítorí ìtàn ọdẹ àti iwin ni ti àkọ́kọ́, ìjẹ́wọ́ obìnrin Èkó kan tí ayé ti dojú rú fún ni èkejì, ìtàn ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ni ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn ni ó túbọ̀ ń yé mi pé etí ni àwọn òǹkọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ìwé wọn fún. Ẹni tí ó bá dákẹ́ kà wọ́n yóò gbádùn wọn dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ohùn sókè kà wọ́n ni yóò mọ bí wọ́n ṣe dùn tó ní tòótọ́. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn wọ́n níhìn-ín nìyẹn, n ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa bí wọ́n ṣe tẹ àwọn ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ìwé tí a bá kọ fún etí, bí àwọn atẹ̀wé kò bá bọ̀wọ̀ fún ohùn tí ó wà nínú rẹ̀, àárín ọ̀nà ni yóò sọnù sí.

Fágúnwà ni ó gba àkókò mi jù lọ, nítorí náà, orí rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni, ọmọ bíbí Òkè-Igbó. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i, St. Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1936 ni ó mú un fi ìwé yìí ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà, ìran dé ìran ni ó ti ń kà á ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ ìlù ògìdìgbó àti ẹni tí ó lè jó o. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe tún un kà báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé òwe yẹn, èyí tí a sábà máa ń fò nígbà tí a wà ní ọmọdé nítorí pé ìtàn ni à ń wá. Níbẹ̀ ni Fágúnwà ti fún òǹkàwé ní iṣẹ́ ṣe. Ó ní nígbàkígbà tí ẹnìkan nínú ìtàn náà bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni náà, kí ó máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni ó ni ọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹlòmíràn bá sì dá a lóhùn, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kò sí bí a ṣe lè ṣe èyí pẹ̀lú ẹnu pípadé. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa bí ó ṣe fẹ́ kí a lo ìwé òun.

Mo ṣe bí ó ṣe wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí màmá mi ti ń bó ẹ̀gúsí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, ti pàdé iwin kan tí ń jẹ́ Agbáko. Fágúnwà kò kàn sọ pé iwin náà bani lẹ́rù kí ó sì kọjá lọ. Ó dúró lé e lórí láti òkè dé ilẹ̀: fìlà irin ni Agbáko dé, ẹ̀wù bàbà ni ó wọ̀ sára, ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ awọ, ojú mẹ́rìndínlógún ni ó sì yí orí rẹ̀ ká. Bí mo ṣe ń kà á ni mo rí i pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gùn tó èémí kan, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ó bá yẹ kí ènìyàn mí ni òǹkọ̀wé ti dá ẹnu dúró fún un. Màmá mi gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Nígbà tí mo tún dé ibi tí òwe wà, ó parí rẹ̀ kí n tó kà á dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ìwé náà rí, nítorí pé òwe àwọn àgbà ilé wọn ni Fágúnwà kó sínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo mọ̀ dájú pé ìwé náà kò dàgbà jù fún ẹnikẹ́ni.

Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ pàápàá bá ohun tí mò ń sọ mu. Ẹni tí ó ń kọ ìwé jókòó jẹ́ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan sì wá bá a, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí ó mú kálàmù àti tákàdá kí ó máa kọ ohun tí òun ń sọ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ òun má baà bá òun wọ sàréè. Bàbá náà ni Àkàrà-Oògùn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìlú ti gbọ́, wọ́n ti ń wá jókòó láti gbọ́rọ̀, àwọn olùgbọ́ sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Nítorí náà, nínú ìwé yìí, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà, ẹni tí ń kọ ọ́ wà, ogunlọ́gọ̀ tí ń gbọ́ ọ wà, àwa tí a sì ń kà á lónìí jókòó sí ẹ̀yìn ogunlọ́gọ̀ náà. N kò tíì rí ìwé ìtàn àròsọ mìíràn ní èdè wa tí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún òǹkàwé lọ́nà tí ó mọ́yán lórí tó báyìí.

Ìrìn-àjò mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn náà, ẹ̀kẹta ni ó sì dára jù lọ lójú mi. Ọba rán Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó sì lọ kó àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóyè tí ààjà ti gbé lọ rí tí ó sì lo ọdún méje lọ́dọ̀ rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ tí orin rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Èfọ́ìyẹ̀ tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé, àti Àràmàdà-òkùnrin tí ara rẹ̀ máa ń tutù nígbà tí oòrùn bá mú, tí ó sì máa ń gbóná nígbà tí òtútù bá dé. Kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ jọ ti ẹnìkejì, bí wàhálà kan bá sì dé, ẹni tí agbára rẹ̀ kojú rẹ̀ ni yóò jáde síta. Bí mo bá ń ka apá yìí síta, ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo máa ń fún wọn, n kò sì ṣe wàhálà kankan láti rí ohùn tí ó yẹ Kàkó, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ti sọ irú ohùn tí ó ní.

Àwọn ibi tí ó ṣòro fún mi wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Kàkó fẹ́ lọ, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ, Kàkó sì fa àdá yọ, ó fi pa á. Ìtàn náà kọjá níbẹ̀ kíákíá, ó sì ń bá ìrìn-àjò lọ bí ẹni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju kí a gé ẹ̀ka igi tí ó dí ọ̀nà lọ. N kò lè kà á báyìí kí n má dúró. Mo mọ̀ pé àwọn ìtàn akọni máa ń fẹ́ fi hàn pé kò sí ohun tí ó lè dá ọkùnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kà á fún ọmọdé, èmi yóò pa ìwé dé ní ibẹ̀ kí a kọ́kọ́ jọ sọ ọ́. Apá kejì tí ó wúwo ni ọjọ́ méje tí àwọn ọdẹ náà lò lọ́dọ̀ Ìrágbèje, onílé olójúlé méje, ẹni tí ó fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà, tí ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì wà lára rẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ìtàn kékeré tí ó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ àti ti oníwàásù ni ó borí ohùn ọdẹ ní ojúlé wọ̀nyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ó ń kà á má ka ọjọ́ méjèèje pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó kà á bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó fúyẹ́.

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 1968 pẹ̀lú àwọn àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ní in lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tí ó sì ka èyí nìkan, ìtàn náà ni ó gbọ́, kò tíì gbọ́ ẹnu tí ó sọ ọ́.

Ìwé kejì gbé mi kúrò nínú igbó, ó gbé mi lọ sí Èkó. Ní àwọn ọdún 1920, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Èkó Àkéte wà, Elétí Ọfẹ wà, Èkó Ìgbẹ̀hìn wà, Isaac B. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ọdún kejì, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Olóòtú ni ó ń kọ ọ́ sí. Ó ní òun ti fi ẹwà àti ìgbà èwe òun ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, pé àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, pé òun fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin gbọ́ ìtàn òun kí òun tó kú. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni lẹ́tà ń jáde. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nípa rẹ̀. Thomas ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ sínú ìwé kan, ọdún mẹ́jọ sì kọjá kí Ògbójú Ọdẹ tó jáde. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kan fi ka Sẹ̀gilọlá sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, èmi náà sì fara mọ́ wọn, láìyọ ohunkóhun kúrò nínú iyì Fágúnwà.

Ohun tí ó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé yìí ni bí obìnrin náà ṣe ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Yóò máa sọ ìtàn bọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, yóò rántí orin kan tí wọ́n ń kọ ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, yóò kọ ọ́, inú rẹ̀ yóò dùn bí ó ṣe ń kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò rántí ipò tí ó wà, yóò sì bú sẹ́kún, yóò ké sí olóòtú, yóò fa ẹsẹ Bíbélì yọ, yóò tọrọ gáfárà pé àìsàn kò jẹ́ kí òun lè kọ̀wé síwájú mọ́, ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nínú gbogbo èyí, ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí Sẹ̀gilọlá kò fẹ́ kí a gbọ́: ó ń kábàámọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ayé tí ó jẹ ṣì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ẹnu rẹ̀ ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí òun, orin tí ó ń kọ sì ń sọ pé àwọn ìgbà kan dùn. Thomas kò dá sí i, kò ṣàlàyé rẹ̀, ó kàn jẹ́ kí ohùn méjèèjì máa jáde láti ẹnu kan náà. Fún ẹni tí ó ń kọ̀wé ìtàn àròsọ ní ọdún 1929, láìsí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀nà náà ní èdè Yorùbá, ọgbọ́n yìí ga púpọ̀.

Lẹ́tà kan ni mo máa ń kà ní alẹ́, n kì í kọjá ìyẹn, bí ó tilẹ̀ ń ṣe mí bíi kí n ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Bí a bá kà á pọ̀, ẹkún Sẹ̀gilọlá a máa pọ̀ jù. Àwọn gbólóhùn ìdárò kan náà ń padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí lẹ́tà, èyí tí kò lè ni ẹni tí ó ń dúró de ìwé ìròyìn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára rárá, ṣùgbọ́n tí ó lè sú ẹni tí ó jókòó kà á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwé náà tún gba sùúrù díẹ̀ ní ti àkọtọ́, nítorí pé ìlànà àtijọ́ ni Thomas lò, ìyẹn ṣáájú àtúnṣe tí ó fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1974. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì àtijọ́ tàbí ìwé orin ilé ìjọsìn rí kò ní kọsẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ ìlànà tuntun nìkan ni yóò kọ́kọ́ máa dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn lẹ́tà mélòó kan ojú wọn yóò mọ́ ọn lára.

A gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, ẹni tí ó gbé ní Òkukù fún ọdún díẹ̀ tí ó ń kọ́ nípa oríkì, tí ó sì bá ẹgbẹ́ eré Oyin Adéjọbí ṣeré. Òun ni ó tún ìwé yìí gbé jáde ní ọdún 2012, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá bí Thomas ṣe kọ ọ́ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti àlàyé kíkún nípa Èkó ìgbà náà. Ìwádìí tí ó ṣe lórí àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn jinlẹ̀, kò sì pa ohùn Sẹ̀gilọlá mọ́ ọn lẹ́nu. Owó rẹ̀ nìkan ni ó ń dùn mí. Òkè òkun ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹ̀, owó kékeré ni àwọn ará Èkó sì fi ń rà á kà nígbà náà.

Lórí Ó Le Kú, ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n, bí kì í bá ṣe nínú ìwé, nínú fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1997, èyí tí ó mú kí ìró kékeré àti bùbá padà wọ ìlú títí tí wọ́n fi sọ aṣọ náà ní orúkọ ìwé. Àjàní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà dà pọ̀ mọ́. N kò ní sọ bí ó ṣe parí.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí wọ́n bí ní ọdún 1939 tí ó sì kú ní ọdún 2018, kàwé ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kí ó tó di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì hàn nínú ìwé náà pé ó mọ bí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà kò sí nítòsí. Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ni, òun ni ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fi ń gbé ìtàn rìn. Nígbà tí Àjàní bá wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbólóhùn máa ń kúrú, ó máa ń mú, ẹnìkan á gbà á lẹ́nu ẹnìkejì. Nígbà tí ó bá dé iwájú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yí padà, á di ti ọmọ tí ó ń dọ̀bálẹ̀. Ìṣọ̀lá kò ní láti sọ fún wa pé Àjàní ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀, nítorí pé a ti gbọ́ ọ. Mo ka ojú ìwé mélòó kan pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin, òun ń ka ti àwọn ọmọbìnrin, èmi ń ka ti Àjàní, a sì rí i pé kò sí ohun tí a ní láti yí padà kí ó tó di eré.

Ohun tí àbúrò mi sọ nígbà tí a parí orí kan ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí pé mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní a mọ gbogbo ohun tí Àjàní ń rò nípa àwọn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn náà ń rò nípa Àjàní kò tó nǹkan. Òótọ́ ni. Ojú Àjàní ni a fi ń wo púpọ̀ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìyà bá sì dé, àwọn ọmọbìnrin ni ó kọ́kọ́ máa ń jẹ. Bí a bá ti inú ìwé Sẹ̀gilọlá wá sí inú èyí, a máa ń ṣàárò obìnrin tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó sì dùn mí pé n kò lè yìn wọ́n bí mo ṣe yin àwọn òǹkọ̀wé. Ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ tí mo rà kì í ṣe ti àtijọ́, tuntun ni, láti ilé ìtàwé kan ní Ìbàdàn. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé lẹ́tà ojú ìwé kan ń hàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tú, àwọn ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ sì ti já kúrò, àwọn ojú ìwé yẹn gan-an tí Fágúnwà ti ń sọ bí a ṣe máa ka ìwé òun. Èyí tí ó burú jù ni àmì ohùn. Ní ibì kan wọ́n fi sí i dáadáa, ní ibòmíràn wọn kò fi sí i rárá, ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀ wọ́n fi èyí tí kò yẹ sí i, àmì abẹ́ lẹ́tà pàápàá sì ti pa rẹ́ lára ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú lè fi òye kà á kọjá. Ọmọ tí ó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ojú ìwé kan lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ọmọ tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere, ó dé ibi tí wọ́n ti ń pe oríkì ọdẹ, ó sì dúró, ó ń wo ẹnu mi. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Kò sí ohun tí ó wà lórí bébà tí ó lè sọ fún un ibi tí ohùn yóò gbà.

Ẹ̀dà Ó Le Kú tí mò ń kà jẹ́ àlòkù, ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi bírò fa ilà sí abẹ́ àwọn òwe rẹ̀, bóyá fún ìdánwò. Ìtẹ̀wé rẹ̀ mọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó fún ojú, àmì rẹ̀ sì ṣe déédéé ju ti Fágúnwà lọ. Ti Sẹ̀gilọlá ni ó dára jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ẹni tí ó tún un ṣe fi tọkàntọkàn ṣe é. Èyí ni ó ń jẹ́ kí n máa bi ara mi pé kí ló dé tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Fágúnwà nílé, kí àwọn onímọ̀ èdè jókòó ti ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí ó nípọn, kí òṣèré kan tí ohùn rẹ̀ dùn sì kà á sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Àwọn tí yóò rà á kò ní wọ́n. Àwọn òbí tí wọ́n wà ní London àti ní Houston ń béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá tí ó kọjá ẹ kú àárọ̀ àti ẹ ṣé.

Fún ẹni tí kò tíì ka ìwé Yorùbá kankan láti ìgbà tí ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, Ó Le Kú ni kí ó kọ́kọ́ rà, nítorí pé èdè rẹ̀ sún mọ́ èyí tí à ń sọ lójoojúmọ́, kò sì gùn. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn Èkó, tàbí tí ó fẹ́ kọ̀wé ìtàn àròsọ fúnra rẹ̀, kí ó wá Sẹ̀gilọlá, bí owó rẹ̀ bá sì ga jù, kí ó béèrè fún un ní ibi ìkówèésí yunifásítì. Ògbójú Ọdẹ jẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ojú ìwé rẹ̀ wò dáadáa nínú ilé ìtàwé kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i sí àárín, ẹ wò bóyá àmì ohùn wà níbẹ̀, ẹ sì fa ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ rí i bóyá ó lẹ̀. Bí mo bá parí rẹ̀, Igbó Olódùmarè ni ó kàn, èyí tí Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1949, nínú èyí tí a ti gbọ́ ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Oògùn. Mo ti rà á, màmá mi sì ti ń béèrè ìgbà tí a óò bẹ̀rẹ̀.